Ṣé lóòótọ́ ni Minnie Miñoso gbá bésíbọ́ọ̀lù ní ẹ̀wádún márùn-ún?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ará Cuba kan, Minnie Miñoso, gbá bésíbọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà ní ẹ̀wádún márùn-ún. Ara irin ló ní ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni o, àmọ́ ọgbọ́n kàlẹ́ńdà pọ̀ níbẹ̀. April 1949 ni ẹgbẹ́ Cleveland kọ́kọ́ gbé e jáde, eré mẹ́sàn-án péré ló gbá lọ́dún yẹn, wọ́n dá a padà sí líìgì kékeré, ṣùgbọ́n wọ́n ti ka ọdún 1940 sókè mọ́ ọn nìyẹn. Iṣẹ́ gidi ni 1951 sí 1964. Ó bá gba Mexico lọ, ó ń gbá a níbẹ̀ títí di 1973. Bill Veeck tó ni White Sox ti Chicago, bàbá yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń pèrò jọ gan-an, ló tún gbé e wọ pápá ní 1976, eré mẹ́ta, ìgbà mẹ́jọ ló fi gbá bọ́ọ̀lù, ẹyọ kan ṣoṣo ló yọrí. Ní 1980 ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, òfo. Ẹ kà á fúnra yín, ó pé márùn-ún.

Ìbéèrè: Àwàdà lásán wá ni?

Ìdáhùn: Rárá o! Ibi tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. May 1, 1951 ni Miñoso di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní White Sox, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa mú igi dání fún wọn ló lu bọ́ọ̀lù tí Vic Raschi ti ẹgbẹ́ Yankees jù sí i jáde kúrò ní pápá, home run! Ọdún yẹn ó jí béèsì 31, ìyẹn ni pé ó sá lọ sí ibùdó tó kàn láìdúró de kí ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó jí tó o ní American League, ọ̀kan nínú líìgì ńlá méjèèjì, ní 1952 àti 1953 náà òun ló ṣáájú. Apá òsì lẹ́yìn pápá lọ́hùn-ún ló máa ń dúró sí, ó gba Gold Glove, ẹ̀bùn ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù mú jù ní ipò rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Bọ́ọ̀lù sì máa ń bà á lára ṣáá torí ó máa ń sún mọ́ ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà, kì í yẹ̀, tí bọ́ọ̀lù bá sì ti bà ẹ́ lára béèsì àkọ́kọ́ di tìẹ lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Ìgbà mẹ́wàá ló ṣáájú líìgì nínú ìyà yìí, ó le jàre.

Ìbéèrè: Orúkọ bàbá ẹ̀ ni Miñoso?

Ìdáhùn: Rárá, Arrieta ni bàbá ẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá ẹ̀ tí ìyá ti kọ́kọ́ bí fún ọkọ àárọ̀ ló ń jẹ́ Miñoso, àwọn èèyàn bá ń fi pe òun náà, ó sì mọ́ ọn lórí. Apá Perico ní Matanzas ni wọ́n bí i sí, agbègbè tí àwọn Lùkùmí, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú, pọ̀ sí dáadáa.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó fi di 2022 kó tó wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù?

Ìdáhùn: Ó ti kú láti 2015 kẹ̀. Ìgbà tó fi wà pẹ̀lú New York Cubans, 1946 sí 1948, líìgì àwọn dúdú nìyẹn, December 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé líìgì ńlá ni. Eré 1976 àti 1980 tí wọ́n fi pèrò yẹn náà bò ó mọ́lẹ̀, ìyẹn nìkan làwọn èèyàn ń rántí. Òun alára ò tiẹ̀ bìkítà, ní 2003 tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ó tún mú igi fún ẹgbẹ́ kékeré kan, St. Paul Saints, wọ́n ju bọ́ọ̀lù tí ò dáa sí i lẹ́ẹ̀mẹrin, èyí tó ń fúnni ní béèsì àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó bá rọra rìn lọ síbẹ̀.