Kí Ló Dé Tí Okùn Irin Afárá Brooklyn Fi Ń Pòórá Nínú Fọ́tò?

Ìbéèrè: Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé, mo sì ń lọ sí New York. Àwọn tó ti lọ ṣáájú ní àwọn rí okùn Brooklyn Bridge kedere, àmọ́ òpó nìkan ló hàn nínú fọ́tò àwọn. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ojú ọ̀run ló gbé e mì. Tí fóònù bá rí òpó òkúta tó dúdú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo àwòrán, ojú ọ̀run á wá funfun báláú. Okùn ńlá mẹ́rin tó gbé afárá náà dúró láti 1883 nípọn tó nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ṣì lè hàn. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ ọn, àti àwọn tó dà gẹ̀rẹ̀ láti orí òpó wá sílẹ̀, ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló hun afárá yẹn bí àwọ̀n apẹja!

Ẹ fi ìka tẹ ojú ọ̀run lórí fóònù, ẹ má tètè gbé e kúrò, kí ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ wálẹ̀. Òpó á ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí kọ́ ọ?

Ìdáhùn: Dáadáa ni, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí ojú ọ̀run funfun. Tiẹ̀ kì í ṣe irú kan náà o: okùn ibẹ̀ ti orí òpó lọ tààrà sí ojú ọ̀nà, kò sí èyí tó rọ̀ dòò láàárín òpó méjì.

Ìbéèrè: Òpó ń dà sẹ́yìn nínú fọ́tò mi.

Ìdáhùn: Ẹ sún mọ́ ọn jù, ẹ sì gbé ojú fóònù sókè. Òpó Brooklyn ga tó nǹkan bí 84 mítà. Ẹ lọ sí etí omi ní Brooklyn Bridge Park, kí ẹ di fóònù mú lóòró gbọnrangandan, kí ẹ má lo 0.5, ìyẹn lẹ́ǹsì fóònù tó ń kó ibi gbígbòòrò. Àárọ̀ ló dára jù níbẹ̀, torí oòrùn á wà lẹ́yìn yín.

Ìbéèrè: Alẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Pákó ni ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lórí afárá Brooklyn, ọkọ̀ ń sáré nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n. Fóònù sì nílò ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ dúró nítòsí òpó, níbi tí kì í ti í gbọ̀n púpọ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù, ẹ fi fóònù sí àpò inú aṣọ, nítorí òtútù máa ń jẹ bátìrì. Tí ẹ bá wọ ilé tó móoru padà, ìrì á bo ojú kámẹ́rà. Ẹ dúró kó gbẹ kí ẹ tó nù ún.