Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aya púpọ̀ ló pín Bàptísì Èkó níyà lọ́dún 1888

Bí wọ́n bá ti ń sọ ìtàn Ìjọ Bàptísì Ebenezer ní Èkó, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé àwọn olóbìnrin púpọ̀ ló dá a sílẹ̀, tàbí pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ lú ẹ̀sìn òrìṣà pọ̀ mọ́ ti Jésù. Àwọn ọmọ Bàptísì gan-an ń sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ta ló láṣẹ láti gba pásítọ̀, ta ló sì láṣẹ láti yọ ọ́? Ìyẹn lohun tí wọ́n jà lé lórí.

Orúkọ tí ìjọ náà kọ́kọ́ jẹ́ wà lára ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Native Baptist Church ni. Lónìí, bí a bá gbọ́ “ìbílẹ̀” lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn, Ifá àti òrìṣà ni ọkàn wa ń lọ. Lọ́dún 1888, ohun tí “native” ń sọ ni pé ọmọ ilẹ̀ yìí ló ń darí ìjọ, tó ń bójú tó owó rẹ̀, tí kì í ṣe míṣọ̀nárì òkèèrè. Wọn ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kankan.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni, ó yẹ ká mọ bí ilé Bàptísì ṣe ń dúró. Bàptísì kò ní bíṣọ́ọ̀bù. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣàkóso ara rẹ̀, ìpàdé ìjọ ni ilé ẹjọ́ tó ga jù. Bí ipò pásítọ̀ bá ṣófo, ìjọ á yan ìgbìmọ̀ tí yóò wá èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá rí á wá wàásù kí gbogbo ìjọ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe ìpàdé, tí àwọn tó ti ṣe ìtẹ̀bọmi tí orúkọ wọn sì wà nínú ìwé ìjọ á dìbò. Bí ìbò bá gbè é, wọ́n á kọ lẹ́tà ìpè sí i, owó oṣù rẹ̀ á sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí pásítọ̀ gbà wọlé náà ló máa ń gbà jáde: ìpàdé ìjọ. Àwọn díákónì lè gbani nímọ̀ràn, wọn ò lè dá pásítọ̀ dúró.

Ní Èkó, ẹsẹ̀ kan ṣẹ́ lára ètò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó pásítọ̀ kò ti inú àpò ìjọ wá. Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ni ìgbìmọ̀ míṣọ̀n àwọn Bàptísì ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ń fi ranṣẹ́, ọwọ́ míṣọ̀nárì tó wà ní Èkó ló sì ń gbà kọjá. Ìjọ ló ní ìbò, míṣọ̀nárì ló ní owó. Níbi tó bá ti rí báyìí, ìjà kì í ju ọ̀rọ̀ ìgbà lọ.

Ìjọ tí àwọn tó dá Ebenezer sílẹ̀ ti jáde ni First Baptist Church. Joseph Harden, ọkùnrin adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Bàptísì ní Èkó lọ́dún 1855. (“First” inú orúkọ yẹn kò sọ pé òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà o, ti Ìjàyè, níbi tí Thomas Jefferson Bowen ti ṣiṣẹ́, ṣáájú rẹ̀.) Harden kú lọ́dún 1864. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti gé owó tó ń bọ̀ láti gúúsù kúrú, kò sì pẹ́ tí kò fi sí míṣọ̀nárì kankan mọ́. Sarah Harden, opó rẹ̀, tó jẹ́ Sàró, ló kó àwọn ọmọ ìjọ jọ títí àwọn míṣọ̀nárì W. J. David àti W. W. Colley fi dé láti Amẹ́ríkà lọ́dún 1875. Ó dùn wá pé àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fo obìnrin yìí. Ìjọ tó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró láìsí míṣọ̀nárì fún ọdún pípẹ́ kò lè rọrùn fún míṣọ̀nárì láti máa pàṣẹ fún.

Moses Ladejo Stone, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni pásítọ̀ First Baptist nígbà tí ìjà dé. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Stone ní kí wọ́n fi kún owó òun, David kọ̀. Nígbà tó yá, David dá Stone dúró, kò bi ìjọ. Ìjọ ní pásítọ̀ àwọn ni, àwọn ṣì fẹ́ ẹ. David ò yí ohùn padà. Ní 1888 náà, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ ìjọ bá Stone jáde, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀, èyí tó di Ebenezer, ilé ìjọsìn sì kù sọ́wọ́ míṣọ̀n. Lára àwọn tó jáde ni James Churchwill Vaughan, oníṣòwò tí wọ́n bí ní South Carolina, àti David Brown Vincent, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Mojola Agbebi.

Níbo wáá ni ọ̀rọ̀ aya púpọ̀ ti wọlé? Ó jọ pé ìtàn oríṣiríṣi ló wọnú ara wọn. Ìjọ UNA (United Native African Church) yà kúrò lára Áńgílíkà ní 1891, African Church náà yà ní 1901. Láàárín àwọn ìjọ wọ̀nyí ni àríyànjiyàn lórí olóbìnrin púpọ̀ ti gbilẹ̀. Nítorí pé gbogbo wọn jẹ́ ìjọ tí ọmọ ilẹ̀ dá sílẹ̀, àwọn èèyàn kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Agbebi alára kún un: ní 1894 ló pa orúkọ Vincent tì, aṣọ ilẹ̀ wa ló sì ń wọ̀ wàásù. Ọdún kẹfà lẹ́yìn ìyapa nìyẹn; ohun tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kò lè jẹ́ ohun tó fà á.

Ẹ wo ohun tí àwọn tó jáde mú dání. Ìtẹ̀bọmi onígbàgbọ́ nínú odò, Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, Bíbélì kan náà, ìpàdé ìjọ kan náà. Stone fúnra rẹ̀ padà sí First Baptist nígbà tó yá, wọ́n sì gbà á. Ta ló ń gba aládàámọ̀ padà bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ìjọ yín fún ayẹyẹ, ibí gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ọdún tó wà lára òkúta ìpìlẹ̀ jẹ́ ti ilé, kì í ṣe ti ìjọ. Ìjọ lè ti pé ogún ọdún kí ilé tó délẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ, kí ẹ wo ìpàdé tó ṣáájú ìyapa, kì í ṣe èyí tó tẹ̀ lé e nìkan. Ẹ wo orúkọ ta ló wà nínú ìwé ilẹ̀, nítorí òun ló ń sọ ìdí tí apá kan fi jáde tí apá kejì fi jókòó. Ẹ fi ìwé ìtẹ̀bọmi yẹ orúkọ àwọn tí wọ́n ń pè ní olùdásílẹ̀ wò. Ohun tí àgbàlagbà kan bá sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹ kọ ọjọ́ tó sọ ọ́ àti bóyá ojú rẹ̀ ló ṣe é tàbí ńṣe ló gbọ́ ọ.

Ní 1914, àwọn ìjọ tó dá dúró àti àwọn tó wà lábẹ́ míṣọ̀n pàdé ní Ìbàdàn, wọ́n dá ẹgbẹ́ Yoruba Baptist Association sílẹ̀, èyí tó di Nigerian Baptist Convention lẹ́yìn náà. Ààrẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn ni Mojola Agbebi.