Ẹ Fi Kámẹ́rà Sílẹ̀ Lójú Kan

Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹni tó dúró láàárín agbo tí bàálù ń yí ká, tó ń fi wáyà irin méjì darí bàálù kékeré, tó ń fi í dárà lójú òfuurufú. Tó bá dojú èèkù ọwọ́ rẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀, wáyà kan á fà, èkejì á jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ìrù bàálù á sì gbọ́ràn. Lójú tirẹ̀, lúùpù mẹ́ta, ìyẹn òbìrí tí bàálù ń yí lókè-nílẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí rí roboto, wọ́n sì lé ara wọn pé. Lójú adájọ́ ìdíje tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkejì ti fẹ̀ ju ìkíní lọ, ìdí ìkẹta sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

Fídíò ló lè parí ẹjọ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí mo ń rí kò wúlò fún iṣẹ́ náà, torí ẹni tó ń yà á máa ń gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé bàálù kiri. Ó dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ bàálù kò ní kúrò láàárín àwòrán, ilẹ̀ àti igi ni yóò dà bíi pé wọ́n ń sá. Ẹ gbé kámẹ́rà ka ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ ni kó wà, lẹ́yìn awakọ̀ tó ń darí bàálù, lóde agbo. Awakọ̀ máa ń kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ tó bá ń dárà, kí afẹ́fẹ́ lè bá a na wáyà le, ibẹ̀ náà sì ni àwọn adájọ́ ń dúró sí. Bí wáyà yín bá gùn tó mítà 20, mítà 30 sí awakọ̀ dára.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù rèé: kí ojú kámẹ́rà ga ní mítà 1.5 gan-an. Òfin ìdíje àgbáyé ní gíga yìí ni bàálù gbọ́dọ̀ fò tí kò bá dárà, ibẹ̀ náà sì ni ìdí lúùpù gbọ́dọ̀ dé. Lórí ilẹ̀ títẹ́, ohunkóhun tó bá ga tó ojú kámẹ́rà yóò bọ́ sórí ìlà kan náà nínú àwòrán, ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, ì báà jìnnà, ì báà sún mọ́ni. Bí igi bá dí ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ lóde agbo níwájú, kí ẹ sàmì sí i ní mítà 1.5. Kò tún sí àríyànjiyàn mọ́ lórí bàálù tó fò rẹlẹ̀ jù.

Òkè lúùpù ṣòroó wò díẹ̀. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbé e dé dígírì 45, ṣùgbọ́n láti ibi tí kámẹ́rà wà, bíi dígírì 18 péré ni yóò jọ. Ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn ro pé ó kéré.

Bàálù tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 5.4 yí agbo ká lórí wáyà mítà 20 ń sáré bíi kìlómítà 84 ní wákàtí kan. Tí kámẹ́rà bá ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bàálù á ti rìn tó sẹ̀ǹtímítà 78 kí òmíràn tó dé. Igun lúùpù onígun mẹ́rin lè sọnù sáàárín wọn. Ẹ lo 60.

Nílé, ẹ ta ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara sójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ máa sún fídíò síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa sàmì sí ibi tí bàálù wà lórí ọ̀rá. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an, torí àwọn àmì tó tò náà á fi ìrísí lúùpù hàn, àlàfo àárín wọn á sì fi eré bàálù hàn. Bí igun tó ń fà sókè bá ń há ju èyí tó ń tẹ̀ wálẹ̀ lọ lọ́jọ́ gbogbo, ọwọ́ yín kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ tún ibi tí wáyà so mọ́ èèkù ṣe. Bí ìyẹ́ òde, èyí tó jìnnà sí awakọ̀, bá ń rẹlẹ̀ nínú igun líle, òjé tí ẹ fi sínú rẹ̀ kó lè wúwo ti pọ̀ jù. Ẹ yọ díẹ̀, ẹ tún fò, ẹ tún yà á. Ẹ má ṣe tún nǹkan méjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ẹ tó gbé bàálù sókè, ẹ so okùn èèkù mọ́ ọrùn ọwọ́, kí ẹ sì jìnnà réré sí wáyà iná mànàmáná. Ó ti pa ẹni tó ń ṣe eré yìí rí. Kí ẹni tó ń ya fídíò má ṣe wọ inú agbo, bó ti wù kí àwòrán ibẹ̀ dára tó.