Ohun èlò oníhò mólékù: òfìfo tó ń ṣiṣẹ́

Ohun líle ni ohun èlò oníhò mólékù, tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì mọ̀ọ́mọ̀ fi mólékù kọ́ kí àyè òfìfo lè wà nínú rẹ̀. Ihò wọ̀nyí kéré púpọ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ̀ ju nánómítà 2 lọ, bẹ́ẹ̀ nánómítà kan ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà. Ara ògiri ihò ni mólékù gáàsì tàbí omi tó bá wọlé ti ń lẹ̀. Bí a bá tẹ́ gbogbo ògiri inú gíráàmù díẹ̀ péré sílẹ̀, ó lè fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù.

Èyí tó lókìkí jù ni MOF (ìkékúrú metal-organic framework). Mẹ́táàlì ni oríkèé rẹ̀. Mólékù oníkábọ́ọ̀nù ni ọ̀pá tó so oríkèé pọ̀. Richard Robson kọ́ irú rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 1989, ṣùgbọ́n tirẹ̀ tètè ń wó. Ní 1997, Susumu Kitagawa ní Jàpáànì fi hàn pé gáàsì lè wọlé kó sì jáde láìba nǹkan jẹ́. Omar Yaghi gbé MOF-5 jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì ní 2025.

Irú mìíràn tó wù mí gan-an ni àgò mólékù. Mólékù kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀, wọn kò so mọ́ra wọn, nítorí náà wọ́n lè yọ́ sínú nǹkan olómi, kí a sì fi wọ́n ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ya gáàsì sọ́tọ̀.

Ní ti àyíká, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè bí ohun èlò náà ṣe lè gbá nǹkan mú tó. Lójú tèmi, bó ṣe ń tú u sílẹ̀ ṣe pàtàkì bákan náà. Bó bá di kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì, gáàsì inú èéfín ilé iṣẹ́, mú jù, iná tí a ó fi mú ohun èlò náà gbóná kó tó jọ̀wọ́ gáàsì náà yóò pọ̀ jù. Ó sì gbọ́dọ̀ fara da omi, nítorí èéfín ilé iṣẹ́ kì í gbẹ. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lásán ń ba MOF-5 jẹ́. Ìdí nìyẹn tí CALF-20, MOF mìíràn tí wọ́n ti dán wò ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Kánádà, fi níyì: ọ̀rinrin kì í tètè lé gáàsì náà kúrò nínú rẹ̀, oru omi sì tó láti tú u sílẹ̀.

Ní aṣálẹ̀ Arizona, ikọ̀ Yaghi lo MOF láti gba omi inú afẹ́fẹ́ lóru. Nígbà tí oòrùn ràn, ooru rẹ̀ lé omi náà jáde.

MOF mìíràn, UiO-67, ń fa PFAS, kẹ́míkà inú aṣọ tí omi kì í wọ̀ àti fọ́ọ̀mù panápaná, kúrò nínú omi. Kíkó jọ lásán nìyẹn o. PFAS kò tíì parẹ́. Iṣẹ́ mìíràn ni fífọ́ ọ túútúú.