Kóró Gúáfà Kọ́ Ló Ń Fa Àpẹ́ńdíìsì

Màmá mi kì í jẹ́ ká gbé kóró gúáfà mì. Wọ́n ní yóò kó àpẹ́ńdíìsì bá wa. A óò jókòó sídìí igi náà lẹ́yìnkùlé, a óò máa tu kóró dànù, síbẹ̀ ìdajì rẹ̀ á ti gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Mo ti gbọ́ ìkìlọ̀ yìí lẹ́nu olùkọ́ náà. Kì í ṣe òótọ́.

Gbogbo wa la bí àpẹ́ńdíìsì mọ́: ìfun tín-ín-rín bí ìka ọwọ́ ni, ó so rọ̀ níbi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Bí ẹnu rẹ̀ bá dí ni wàhálà ń dé, ìyẹn àìsàn tí àwọn èèyàn náà ń pè ní àpẹ́ńdíìsì. Ìgbẹ́ tó ti le gbagidi ló sábà ń dí i, tàbí kí inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ wú. Lóòótọ́, àwọn dókítà ti bá kóró èso nínú èyí tí wọ́n gé jáde rí, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n gan-an.

Kóró gúáfà kì í dà nínú. Bó ṣe wọlé ló ṣe ń jáde. Ẹ wo igi gúáfà tó hù lẹ́bàá ògiri àlàpà: ta ló gbìn ín? Ẹyẹ tàbí àdán ló jẹ èso níbòmíì, tó wá yàgbẹ́ síbẹ̀. Kóró tó la inú àdán kọjá, tó ṣì hù, ṣé inú wa ló máa há sí?

Èso tí à ń sá fún yìí, 100 gíráàmù rẹ̀ ní nǹkan bíi 228 mílígíráàmù fítámì C. Ti ọsàn kò ju nǹkan bíi 53 lọ. Gúáfà tún ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀. Èyí tí kò tíì pọ́n nìkan ni kí ẹ má jẹ lájẹjù, torí ó lè jẹ́ kí ìgbẹ́ le.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bí inú bá ń run ọmọ, wọ́n á ní gúáfà ni, wọ́n á sì fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ kí kóró lè jáde. Àpẹ́ńdíìsì tó ti wú lè bẹ́ síni nínú bẹ́ẹ̀. Bí inú rírun bá bẹ̀rẹ̀ láyìíká ìdodo, tó wá sọ̀kalẹ̀ sápá ọ̀tún, tí èébì àti ara gbígbóná tẹ̀lé e, tí ọmọ ń tẹ̀ba rìn, ẹ má fún un lóògùn ìyàgbẹ́ kankan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.