Òṣùká ẹ́ńjìnnì: orúkọ rẹ̀, àti èyí tí a ó yàn bí a bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí mi nínú bí mo bá bá a pàdé nínú ohun tí àwọn kan ń kọ fún ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì: "àtìlẹ́yìn mótò". Rọ́bà àti irin tí ẹ́ńjìnnì gbé ara lé lára ọkọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé e jáde mú support moteur ti Faransé, ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sí ìkínní, ó wá òmíràn sí ìkejì, ó ní òun ti parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n odindi ọkọ̀ ni mótò lẹ́nu wa, ẹ́ńjìnnì kọ́. Àtìlẹ́yìn sì ni ohun tí a fi ti nǹkan lẹ́yìn kó má yí padà. Ẹ rán ọmọ iṣẹ́ ní Kétu pé kó lọ mú àtìlẹ́yìn mótò wá, òkúta ni yóò gbé dé, yóò sì fi há táyà. Kò ṣì yín gbọ́ rárá. Ohun tí ẹ ní kó mú wá náà ló mú wá.

Àwọn ará wa lódìkejì Ìgolò, ní Nàìjíríà, síìtì ẹ́ńjìnnì ni tiwọn. Mi ò bá síìtì jà. Bí mẹkáníìkì bá pè é bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń ta á mọ ohun tó ń béèrè, ó tán. Ẹni tí mo ń bá jà ni ẹni tó tún wá sọ síìtì di "ìjókòó ẹ́ńjìnnì", tó ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá jókòó lè dìde nígbà tó bá wù ú, ẹ́ńjìnnì kò sì gbọdọ̀ dìde. Ní 1971, ọ̀ràn yìí gan-an ló mú kí General Motors pe Chevrolet tó lé ní 6,000,000 padà ní Amẹ́ríkà. Rọ́bà abẹ́ ẹ́ńjìnnì ń já. Bí awakọ̀ bá tẹná, ẹ́ńjìnnì á gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, ó sì lè fa irin tó ń ṣí epo mọ́ra, kí ọkọ̀ máa sáré láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó sáré. Okùn irin ni wọ́n fi so ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Kí ẹ wá máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìjókòó!

Ní Ouando, lọ́jà Àjàṣẹ́, sìlánbúlọ́ọ̀kì ni gbogbo ènìyàn ń wí. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu, kò sì burú bí ẹ bá dúró níwájú ẹni tó ń ta á, tí ẹ lè nawọ́ sí i. Àléébù rẹ̀ ni pé orúkọ yẹn náà ni rọ́bà ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń jẹ́, ìyẹn èyí tó wà nínú apá tó di táyà iwájú mú. Ẹ fi fóònù béèrè sìlánbúlọ́ọ̀kì láti Pọ́bẹ̀, kí ẹ wo ohun tí wọ́n máa dì sínú ọ̀rá fún yín.

Àwọn Faransé fúnra wọn kò fi ìjókòó pè é níbẹ̀rẹ̀. Chrysler ló gbé ẹ́ńjìnnì Plymouth lé rọ́bà ní 1931. Nígbà tí Citroën gba àṣẹ rẹ̀ ní 1932, moteur flottant, ẹ́ńjìnnì tó ń léfòó, ni wọ́n pè é, wọ́n sì fi àwòrán ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn tó ń léfòó lójú omi sí iwájú ọkọ̀. Ẹnìkan gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi, ọ̀la rẹ̀ ló dé pẹ̀lú "ìléfòó ẹ́ńjìnnì". Mo ní kó mu omi tútù ná.

Òṣùká ni tèmi, mi ò sì ní yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin ọjà ni, kò ní iyì ẹ̀rọ. Ta wá ló mọ bí a ti ń gbé ohun wúwo tó ń mì ju ẹni tó ru omi láti ìsàlẹ̀ odò wálé? Òṣùká wà láàárín ẹrù àti ẹni tó rù ú. Ó gba ìwúwo, kò jẹ́ kí irin bàsíà ta orí. Ó jẹ́ kí bàsíà tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún díẹ̀ bí ẹsẹ̀ ti ń lọ, kó sì padà sí àyè rẹ̀. Bí aṣọ rẹ̀ bá le tó sì tínrín, gbogbo ìgbésẹ̀ ni ọrùn ń jẹ. Bó bá rọ̀ tó sì ga jù, bàsíà á máa jó, omi á máa dà síni lára. Ẹrù ló sì ń pinnu rẹ̀: èyí tí a fi ru igbá ègúsí kọ́ la ó fi ru àpò símẹ́ǹtì. Ẹni tó bá lóye èyí ti lóye òṣùká ẹ́ńjìnnì, ìyókù kò ju ìwọ̀n lọ.

Ẹni tó gbọ́n jù nínú àwọn tó ń bá mi jiyàn sọ pé òṣùká kì í di ẹrù mú. Òótọ́ ló wí. Ọwọ́ ló ń di bàsíà mú, ẹ́ńjìnnì náà sì ní ọwọ́: ọ̀pá kúkurú tó ní rọ́bà lórí méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní biellette anticouple. Ẹ pè é ní ọwọ́ ẹ́ńjìnnì, ìjà ti parí.

Ó yá, ká yàn. Ẹ jẹ́ ká mú Peugeot 504 tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀sáǹsì (pẹtiróòlù) rẹ̀ ti kú, tí ẹ fẹ́ gbé ti gasoil (dísù) tàbí ti Toyota sí. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀sáǹsì ti 504 kò dúró ṣánṣán, ó dagun sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 45, nítorí náà ẹ má retí pé apá irin rẹ̀ yóò bá òmíràn mu. Nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wà lára ṣáṣì, ti ọkọ̀ ni. Apá tó dé mọ́ ihò ara ẹ́ńjìnnì, ti ẹ́ńjìnnì ni. Rọ́bà tó wà láàárín nìkan ni ọ̀rọ̀ yíyàn kàn, ìdáhùn mi sì ni pé ẹ mú rọ́bà tó bá ẹ́ńjìnnì tuntun wá. Àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ fẹ́ràn láti fi iná gé e kúrò, kí wọ́n ju òṣùká rẹ̀ sílẹ̀ sí ara ọkọ̀ tó ti kú. Ẹ béèrè kí ẹ tó san owó.

Kì í ṣe kílò ẹ́ńjìnnì nìkan ni ilé iṣẹ́ fi ṣe rọ́bà yìí, wọ́n fi gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì náà ṣe é. Ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin tó ń yí ní ìgbà 750 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọkọ̀ dúró, iná ń bú nínú rẹ̀ ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ti gasoil wúwo jù, bíbú rẹ̀ sì le jù. Rọ́bà ẹ̀sáǹsì lábẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ wọlẹ̀ láìpẹ́. Ẹ wá gbé rọ́bà gasoil sábẹ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀sáǹsì fífúyẹ́, ọwọ́ awakọ̀ á máa gbọ̀n lórí ìdarí ní gbogbo ibi tí iná pupa bá ti dá a dúró.

Agbára tó ń yí ẹ́ńjìnnì kúrò lójú kan, ọ̀pọ̀ ni kì í kà á sí. Ní gíá kìíní, gíá ti sọ agbára ẹ́ńjìnnì di bí ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀, ìfàpadà rẹ̀ sì ń bọ̀ sórí òṣùká. Lára ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dábùú, tí différentiel (eyín irin tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) wà nínú gíá, ó lè tó ìlọ́po 12. Ìdí nìyẹn tí irú wọn fi nílò ọwọ́, tí 504 kò fi nílò rẹ̀.

Líle rọ́bà: èyí tó ti ilé iṣẹ́ wá sábà máa ń wà láàárín 45 sí 65 lórí òṣùwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní Shore A; bí nọ́ńbà bá ti ga tó ni rọ́bà le tó. Polyurethane, ike bíi rọ́bà tí àwọn tó ń sáré ìje fẹ́ràn, ń lọ láti 75 dé 95. Kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mì, ṣùgbọ́n gbogbo gbígbọ̀n rẹ̀ ló ń kó wọ inú ọkọ̀; fún ọkọ̀ tó ń ná Àjàṣẹ́ sí Kétu, ẹ má dán an wò. Èyí tó burú ju gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ fi rọ́bà rírọ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá fi irin gan-an de gíá mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì fẹ́ yí, gíá kò lè bá a yí, etí gíá tó jẹ́ aluminiọ́ọ̀mù ló máa ya. Òṣùká olómi nínú, mi ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá ti ń jo, ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ tún wo dídagun rẹ̀. Rọ́bà le bí a bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó rọ̀ bí a bá tì í yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó ṣe é gbé e dagun kó lè ní méjèèjì, nítorí náà ẹ má tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ nítorí pé ó rọrùn láti jó irin rẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí ọ́ìlì bá ti mu ún, á ti wú, ojú rẹ̀ á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Kí ẹ sì yẹ ibi tí rọ́bà ti pàdé irin wò dáadáa, ibẹ̀ ló ti ń ṣí kó tó ya.

Kí wọ́n tó jó apá irin tuntun mọ́ ara wọn, ẹ so ẹ́ńjìnnì àti gíá rọ̀ sórí ṣéènì ní ibi tí wọ́n máa wà. Ẹ tò ó mọ́ ṣáàfù ẹ̀yìn, kí ẹ wo àyè fáànù sí radíatọ̀ àti ti abẹ́ ọ́ìlì sí irin tó dábùú. Ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sílẹ̀ yíká, torí ẹ́ńjìnnì á mì. Ẹ fi iná kàn án ní ojú bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ rọ́bà kúrò pátápátá kí wọ́n tó jó o tán. Ooru a máa tú rọ́bà kúrò lára irin rẹ̀ láìhàn síta. Bóòtù náà, ẹ má fún un títí tí gbogbo ìwúwo yóò fi bà lé e, kí ẹ ti ẹ́ńjìnnì síwá sẹ́yìn, kí ẹ tó fún un.

Ó ku iná. Rọ́bà kì í jẹ́ kí iná bátìrì kọjá, nítorí náà ẹ́ńjìnnì tó wà lórí òṣùká ti ya ara rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀. Wáyà híhun pẹlẹbẹ kan ló so wọ́n pọ̀ tẹ́lẹ̀, tresse de masse, òun ni wọ́n sì máa ń gbàgbé jù. Bí kò bá sí níbẹ̀, nígbà tí ẹ bá tan ọkọ̀, iná tí sítátà ń fà á wá ọ̀nà mìíràn gbà, wáyà kílọ́ọ̀ṣì tàbí ti epo ló sì máa ń rí. Mo ti fọwọ́ kan irú wáyà epo bẹ́ẹ̀: rọ́bà ara rẹ̀ ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀, epo kò lè padà mọ́. Ẹ ha ojú irin méjèèjì mọ́ kí ó máa dán, kí ẹ dè é pa, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́.