Òòfà Àti Tẹlifíṣọ̀n Onídìí Ńlá

Bí sípíkà ńlá bá fara ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí ńlá, kò ní pẹ́ tí igun kan ojú rẹ̀ á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹni da sóbò sí i. Kíá, wọ́n á ní tíúbù, ìyẹn ìgò ńlá tó ń gbé àwòrán jáde, ti kú. Kò kú o! Ọ̀rọ̀ yìí ti mú kí àwọn kan ta tẹlifíṣọ̀n tó dáa ní pọ́ọ́kú.

Ìbọn mẹ́ta ló wà nídìí tíúbù, tí wọ́n ń yin ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn èérún iná tó kéré jọjọ, síwájú: ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù. Kí wọ́n tó dé ojú dígí, wọ́n á gba inú asẹ́ irin tín-ín-rín kan kọjá. Òòfà tó wà nínú sípíkà a máa tì wọ́n kúrò lọ́nà, bí ẹni tó ń lọ Yábàá tí ọkọ̀ já sí Oyíngbò. Èyí tó yẹ kó ba àwọ̀ ewé lójú dígí á lọ ba pupa. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní kò ní ìbọn kankan nínú, kí ni òòfà fẹ́ tì?

Àmọ́ bí wọ́n bá gbé sípíkà kúrò, kí ló dé tí àbàwọ́n kì í lọ? Asẹ́ irin yẹn ni. Ẹ wo èrò ní Òṣòdì bí mọ́lúè bá ń bọ̀: gbogbo ojú á kọ sápá kan. Mọ́lúè lọ tán, àwọn kan ṣì na ọrùn síbẹ̀. Bí irin asẹ́ ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: sípíkà lọ tán, òun náà ti di òòfà díẹ̀.

Wáyà tí wọ́n wé yí tíúbù ká ni oògùn rẹ̀. “Gbùùm” tí ẹ máa ń gbọ́ bí ẹ bá tan tẹlifíṣọ̀n, òun ni. Iná ìjọba tó ń gba inú wáyà yìí ń ṣàn lọ, ó ń ṣàn bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíi kọ̀ndọ́ tó ń pariwo “Ìkejà!” tó tún yíjú pe “Ojúẹlẹ́gba!” Èrò á yíjú síhìn-ín, wọ́n á yíjú sọ́hùn-ún. Ohùn kọ̀ndọ́ wá ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí oníkálukú á fi kọjú síbi tó wù ú. Èròjà kékeré kan ló ń rẹ ohùn náà sílẹ̀: bó ṣe ń gbóná ló ń dí iná lọ́nà. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé wọn ò bá irin jà rárá, wọ́n kàn dà á lójú rú ni.

Àléébù rẹ̀ ni pé èròjà yẹn gbọ́dọ̀ tutù kó tó tún lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń pa tẹlifíṣọ̀n tó ń tàn án léraléra ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lásán ni.

Bí àbàwọ́n bá le jù, rẹdiónìkì tó mọṣẹ́ á mú wáyà ọlọ́wọ́ tirẹ̀, á máa fi yípo níwájú dígí, á sì máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí á fi jìnnà kó tó pa á. Bó bá pa á nítòsí dígí, àbàwọ́n tuntun ló fi síbẹ̀ yẹn.